Ṣé Ó Yẹ Kí A Fi Gọ́ọ̀mù Sí Gásíkẹ́ẹ̀tì Kábúrétọ̀? Bí Ẹ Ṣe Lè De Kábúrétọ̀ Jẹnẹrétọ̀ Yín Tí Kò Fi Ní Fa Afẹ́fẹ́

Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn èèyàn: "Mo ra kábúrétọ̀ tuntun fún jẹnẹrétọ̀ mi, ṣé kí n fi gọ́ọ̀mù sí gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kí n tó dè é?" Àwọn mìíràn ti fi í sí i tán kí wọ́n tó béèrè, wọ́n wá ń wá ìdí tí jẹnẹrétọ̀ wọn fi ń ké sókè, tó tún ń relẹ̀, tí gílóòbù ilé ń mọ́lẹ̀ tó tún ń ṣú.

Rárá ni ìdáhùn mi. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun (bébà tó ń dí àárín ojú irin méjì), ní gbígbẹ, lórí ojú irin tó mọ́ tó sì tẹ́ pẹrẹsẹ, ti tó. Bí kábúrétọ̀ bá ṣì ń fa afẹ́fẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, a jẹ́ pé ojú irin kan ti tẹ̀ tàbí ohun kan ti sán, gọ́ọ̀mù kò sì lè tún èyíkéyìí nínú wọn ṣe. Ńṣe ló máa bò ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ tó wọ́pọ̀ nílé wa ni mo fi ṣàlàyé níbí, èyí tí wọ́n ń pè ní 2 kVA sí 3 kVA, tí wọ́n fi ìlànà ẹ́ńjìnnì Honda GX160 àti GX200 ṣe. Ọ́ìlì àti epo kì í pàdé nínú irú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ "I better pass my neighbour", ti ọ̀kadà àti ti mọ́tò ń bọ̀ nísàlẹ̀.

## Ìdáhùn ní ṣókí

- Láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ike dúdú tó nípọn: gásíkẹ́ẹ̀tì gbígbẹ, kò sí gọ́ọ̀mù.
- Láàárín ike dúdú àti kábúrétọ̀: bákan náà.
- Láàárín kábúrétọ̀ àti ilé fíltà afẹ́fẹ́: gásíkẹ́ẹ̀tì gbígbẹ. Ibí yìí ni gọ́ọ̀mù ti léwu jù.
- Ife tó wà lábẹ́ kábúrétọ̀: rọ́bà rẹ̀ nìkan.
- Ìgbà kan ṣoṣo wà tí mo lè gbà kí ẹ lo gọ́ọ̀mù, irú kan pàtó sì ni. Mo ti sọ ọ́ ní abala "Bí ẹ kò bá rí gásíkẹ́ẹ̀tì rà".

## Ohun tí gọ́ọ̀mù ń bà jẹ́

Púpọ̀ nínú gọ́ọ̀mù inú túùbù tí wọ́n ń tà lọ́dọ̀ àwọn oní-sípéà páàtì, ìbáà jẹ́ pupa, dúdú tàbí aláwọ̀ eérú, sílíkónì ni. Ibi tí ọ́ìlì tàbí omi wà ni wọ́n ṣe é fún. Kò lè fara da bẹntiróòlù. Tí epo bá ń kàn án, á wú, á rọ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó kúrò lára irin. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí rẹ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò wà fún ibi tí bẹntiróòlù yóò ti máa kàn án.

Èyí tó bá bó kì í dúró síbi tó wà. Tó bá bó lápá orí ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì á fà á wọlé, ó sì lè há sábẹ́ fáàfù. Tó bá bó lápá ilé fíltà, á wọ àwọn ihò tín-ín-rín tó wà lójú kábúrétọ̀ níbẹ̀. Àwọn ihò yẹn ni afẹ́fẹ́ ń gbà lọ pò mọ́ epo, òmíràn nínú wọn sì ni ife ìsàlẹ̀ fi ń mí. Bí èyí tí ife fi ń mí bá dí, epo kò ní sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe yẹ. Bí ti afẹ́fẹ́ bá dí, epo á pọ̀ jù, sàlẹ́ńsà á máa tú èéfín dúdú. Èèyàn á wá máa fọ kábúrétọ̀ lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀, kò sì ní mọ̀ pé òun fúnra òun ló di ihò náà.

Gọ́ọ̀mù tún máa ń mú kí gásíkẹ́ẹ̀tì yọ̀. Bí ẹ ti ń de nọ́ọ̀tì, ńṣe ni bébà náà á máa sún sí ẹ̀gbẹ́ dípò kó dì mú, ẹ̀gbẹ́ kan á wọ inú ihò, ẹ̀gbẹ́ kejì á ṣófo. Ẹ sì rántí pé sílíkónì kì í gbẹ délẹ̀ ní wákàtí kan. Wákàtí 24 ni wọ́n máa ń kọ sára páálí púpọ̀ nínú wọn. Ta ló ń dúró tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí iná ti lọ?

Èyí tó burú jù fún mi ni pé ó ń bo àbùkù mọ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé kò gba inú kábúrétọ̀ kọjá, nítorí náà kò fa epo dání. Àdàlù inú ẹ́ńjìnnì á wá ní afẹ́fẹ́ púpọ̀ pẹ̀lú epo díẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ wa gbọ́dọ̀ máa yí ní nǹkan bí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan kí iná rẹ̀ tó lè wà ní 50 Hz. Bí epo kò bá tó, gọ́fánọ̀ (ohun tó ń ṣàkóso eré ẹ́ńjìnnì) á ṣí ojú kábúrétọ̀ sí i, ìyípo á fò sókè, gọ́fánọ̀ á tún pa á dé, á relẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe lọ. Fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n àti ṣájà fóònù ló ń jìyà rẹ̀, ẹ́ńjìnnì náà á sì máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ.

## Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ló ń fà lóòótọ́

Kì í ṣe gbogbo jẹnẹrétọ̀ tó ń ké sókè sódò ló ń fa afẹ́fẹ́. Ihò jẹ́ẹ̀tì (ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà jáde nínú kábúrétọ̀) tó dọ̀tí náà máa ń fa ohun kan náà gan-an. Ẹ má tíì tú nǹkan kan. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe gbogbo èyí.

1. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó gbóná fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ má ko ẹrù iná kankan lé e.
2. Ẹ rọra fa ṣóòkù dé nǹkan bí ìdajì. Bí ìró rẹ̀ bá tò, epo ni kò tó o. Ó lè jẹ́ afẹ́fẹ́ ló ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, ó sì lè jẹ́ jẹ́ẹ̀tì ló dí.
3. Ẹ bu omi sínú ike tí a fi ń fín omi. Ẹ fín in díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ike dúdú, níbi tó ti pàdé orí ẹ́ńjìnnì, lẹ́yìn náà níbi tó ti pàdé kábúrétọ̀.
4. Bí ìró bá yí padà bí omi ṣe kàn án, ẹ ti rí ojú ibi tó ń fa afẹ́fẹ́.
5. Bí kò bá yí padà rárá, ẹ lọ fọ jẹ́ẹ̀tì dáadáa. Gásíkẹ́ẹ̀tì lè má lẹ́jọ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ìkìlọ̀: omi kò gbọ́dọ̀ kan orí pílọ́ọ̀gì, ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀ níbi tí iná ti ń jáde. Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń fín oògùn ìfọ-kábúrétọ̀ síbẹ̀ dípò omi. Oògùn yẹn ń gbiná, sàlẹ́ńsà tó ti gbóná kò sì jìnnà síbẹ̀. Ẹ fi omi ṣe é.

## Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

- Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ dúró títí sàlẹ́ńsà á fi tutù.
- Ẹ ti ìdè epo, ẹ yọ orí pílọ́ọ̀gì.
- Ẹ gbé e jáde sí gbangba. Kò gbọ́dọ̀ sí sìgá, fìtílà, sítóòfù tàbí ẹyin iná nítòsí.
- Ẹ má tan jẹnẹrétọ̀ sínú yàrá, ọ̀nà àárín ilé tàbí bálíkónì, ì báà jẹ́ láti dán an wò fún ìṣẹ́jú kan. Gáàsì carbon monoxide inú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, ó sì ń pa odindi ìdílé lójú oorun.

Ohun tí ẹ ó nílò:

- sípánà 10, èyí tó kúrú ló dára jù
- pílayà fún kílíìpù rọ́bà epo
- gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun mẹ́ta (ẹ mú ti àtijọ́ lọ́wọ́ lọ sọ́jà kí ẹ gbé wọn léra wọn wò, ti ẹ́ńjìnnì ńlá kò bá ti kékeré mu)
- káàdì oníke àtijọ́ kan fún híhá ìdọ̀tí
- àkísà tó mọ́, ife kan tí ẹ ó da epo sí
- rúlà irin, sánpépà 400 àti gíláàsì fèrèsé kan tó tẹ́
- fóònù yín, fún fọ́tò

## Bí ẹ ó ṣe tú u

1. Ẹ ya fọ́tò kábúrétọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ àti láti òkè. Ọ̀pá gọ́fánọ̀ àti sípíríǹgì tín-ín-rín tó wà lára rẹ̀ ni kí fọ́tò náà mú dáadáa. Àwọn tí kò ya fọ́tò ni wọ́n máa ń fi sípíríǹgì yẹn sí ihò tí kì í ṣe tirẹ̀.
2. Ẹ ṣí ìdérí fíltà, ẹ yọ fíltà, ẹ tú nọ́ọ̀tì tó de ilé fíltà. Bí rọ́bà èémí bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ rọra fà á yọ.
3. Ẹ yọ rọ́bà epo, ẹ gbe epo tó bá kán sínú ife.
4. Ẹ rọra fa kábúrétọ̀ síwájú lórí bọ́ọ̀tì gígùn méjèèjì, ẹ yí i díẹ̀, ẹ yọ sípíríǹgì àti ọ̀pá gọ́fánọ̀. Ẹ má fi agbára fà á, ọ̀pá náà tètè ń tẹ̀.
5. Ẹ yọ gásíkẹ́ẹ̀tì, ike dúdú àti gásíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ tò wọ́n sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ bí wọ́n ṣe ń jáde, pẹ̀lú ojú tó kọ síta.
6. Ẹ ki àkísà tó mọ́ bọ ihò orí ẹ́ńjìnnì kíákíá, kí ìdọ̀tí má bàa wọlé.

## Mímọ́ ojú irin, àti wíwò bóyá ó tẹ́

Ibí ni iṣẹ́ wà. Bí ẹ bá ṣe apá yìí dáadáa, gọ́ọ̀mù ò ní wá sí yín lọ́kàn mọ́.

Ẹ fi káàdì oníke há gbogbo gásíkẹ́ẹ̀tì àti gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò. Ẹ má lo ọ̀bẹ, ẹ má lo sísẹ́ẹ̀lì. Irin kábúrétọ̀ rọ̀, ìlà kan ṣoṣo tí ọ̀bẹ bá fà láti inú ihò dé ìta ti di ọ̀nà afẹ́fẹ́. Bí bébà náà bá lẹ̀ pinpin, ẹ fi epo díẹ̀ rin ín, ẹ dúró, kí ẹ tún há a.

Bí ẹni tó ṣe é ṣáájú yín bá ti lo gọ́ọ̀mù, ẹ má dúró lórí ojú ìta nìkan. Ẹ wo àwọn ihò tín-ín-rín lójú kábúrétọ̀ lápá fíltà, ẹ ṣí ife ìsàlẹ̀ (bọ́ọ̀tì 10 kan ló dè é), ẹ wò ó bóyá ẹyọ sílíkónì wà níbẹ̀. Ẹ fẹ́ gbogbo ihò náà. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà nítòsí, kó lò ó, kó sì daṣọ bojú.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé rúlà irin lé ojú kábúrétọ̀ láti etí kan dé etí kejì, ẹ gbé e sókè síhà ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀ láàárín, etí rẹ̀ ti tẹ̀. Ohun tó sì máa ń tẹ̀ ẹ́ ni àdèjù. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń lọ: wọ́n de nọ́ọ̀tì ní àdèjù, etí méjèèjì tẹ̀ síwájú, àárín wá ṣófo, ó ń fa afẹ́fẹ́; wọ́n fi gọ́ọ̀mù sí i, wọ́n tún dè é jù bẹ́ẹ̀ lọ, etí náà tún tẹ̀ sí i.

Bí ó bá tẹ̀, ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ yọ ife ìsàlẹ̀, rọ́bà rẹ̀ àti ohun tó léfòó nínú rẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ rẹ̀, ẹ fi wọ́n pamọ́.
2. Ẹ tẹ́ sánpépà 400 sórí gíláàsì, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i.
3. Ẹ gbé ojú kábúrétọ̀ lé e, ẹ máa fà á bí ẹni ń kọ 8, láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ púpọ̀. Irin fúnra rẹ̀ á fi ibi tó ga hàn yín: á máa dán, ibi tó rẹlẹ̀ á ṣì dúdú.
4. Nígbà tí gbogbo ojú rẹ̀ bá ti dán bákan náà, ẹ dúró. Ẹ má há a jù.
5. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fẹ́ gbogbo ihò rẹ̀. Eruku sánpépà tó bá wọ ẹ́ńjìnnì á jẹ ríǹgì àti sìlíńdà.

Ẹ wo ike dúdú náà bẹ́ẹ̀. Bí ó bá tẹ̀ díẹ̀, sánpépà kan náà á tẹ́ ẹ. Bí ó bá sán, ẹ ra òmíràn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò wúlò. Òun ló ń dá ooru orí ẹ́ńjìnnì dúró kó má dé ara kábúrétọ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ́, epo inú kábúrétọ̀ á máa hó, jẹnẹrétọ̀ tó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan á kú, kò sì ní jí títí yóò fi tutù.

Rọ́bà ife ìsàlẹ̀ tó wú: bí epo tàbí oògùn ìfọ-kábúrétọ̀ bá ti kàn án, ó máa ń gùn ju ojú ihò rẹ̀ lọ, á sì kọ̀ láti wọlé. Ẹ má gé e, ẹ má sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé e sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ fún wákàtí mélòó kan, púpọ̀ nínú wọn á sún kì padà. Bí kò bá sún kì, òmíràn kò wọ́n.

## Bí ẹ ó ṣe dè é padà

Ìtòlẹ́sẹẹsẹ láti inú lọ síta nìyí: orí ẹ́ńjìnnì, gásíkẹ́ẹ̀tì, ike dúdú, gásíkẹ́ẹ̀tì, kábúrétọ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì, ilé fíltà.

1. Ẹ yọ àkísà kúrò nínú ihò orí ẹ́ńjìnnì. Ẹ wo inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.
2. Ẹ fi gásíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ sí i ní gbígbẹ. Kí ihò rẹ̀ bá ihò irin mu; bí bébà bá yọrí sínú ọ̀nà afẹ́fẹ́, kì í ṣe tirẹ̀.
3. Ẹ fi ike dúdú sí i bó ṣe wà nínú fọ́tò yín, lẹ́yìn náà gásíkẹ́ẹ̀tì kejì.
4. Kí ẹ tó ti kábúrétọ̀ wọlé tán, ẹ fi ọ̀pá gọ́fánọ̀ àti sípíríǹgì sí ihò wọn. Ẹ fi fọ́tò wé e.
5. Ẹ ti kábúrétọ̀ wọlé. Ẹ fi gásíkẹ́ẹ̀tì kẹta sí i, ẹ sì wò ó dáadáa: kò gbọ́dọ̀ bo ihò tín-ín-rín kankan lójú kábúrétọ̀. Bí ó bá bo ọ̀kan, ẹ yí i padà.
6. Ẹ gbé ilé fíltà wọlé, ẹ fi rọ́bà èémí rẹ̀ padà.
7. Ẹ fi ọwọ́ de nọ́ọ̀tì méjèèjì títí wọ́n á fi kan irin. Lẹ́yìn náà ẹ fi sípánà dè wọ́n níkọ̀ọ̀kan, díẹ̀ ní ọ̀tún, díẹ̀ ní òsì. Bọ́ọ̀tì M6 ni wọ́n, nǹkan bíi 10 Nm ti tó wọn. Bí ẹ kò bá ní sípánà tó ń ka agbára, ẹ fi ìka méjì sí mẹ́ta di sípánà kúkúrú mú. Ibi tó bá ti le sí ọwọ́ yẹn ni kí ẹ dúró.
8. Ẹ fi rọ́bà epo àti kílíìpù rẹ̀ padà, ẹ ṣí ìdè epo, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá epo ń kán. Bí epo bá ń kán, ẹ má tan án.
9. Ẹ fi orí pílọ́ọ̀gì padà, ẹ fa okùn.

Ohun kan wà tó máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú níbí. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì yìí, nọ́ọ̀tì tó de ilé fíltà gan-an ló fún kábúrétọ̀ mọ́ orí ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá tan án láì tíì fi ilé fíltà sí i, "kí n kàn fi dán an wò", kò sí ohun tó di kábúrétọ̀ mú. Á fa afẹ́fẹ́ dandan, ẹ ó sì rò pé gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun yín ni kò dára.

Nígbà tó bá ti gbóná, ẹ tún fín omi sí i bíi ti àkọ́kọ́. Bí ìró bá dúró lójú kan, iṣẹ́ ti parí. Ní ọjọ́ kejì, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tútù, ẹ fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì méjèèjì. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun máa ń sún kì díẹ̀, ó lè gba ìyí kékeré kan sí i.

## Àṣìṣe tí mo ń rí jù

- Gásíkẹ́ẹ̀tì méjì léra wọn lójú kan, kí "ó lè dì". Bí ó ṣe nípọn tó ni yóò ṣe tètè fún jáde.
- Fífi gọ́ọ̀mù yí ẹ̀gbẹ́ ìta ká lẹ́yìn tí wọ́n ti dè é tán. Gbígbóná àti gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì á là á láìpẹ́, kò sì dé inú.
- Lílo gọ́ọ̀mù alápòpọ̀ tó ń le bí òkúta. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ tú u, etí kábúrétọ̀ lè ṣẹ́.
- Dídè ẹ̀gbẹ́ kan pátápátá kí wọ́n tó fọwọ́ kan ìkejì.
- Pípààrọ̀ odindi kábúrétọ̀ nítorí gásíkẹ́ẹ̀tì tó ya. Mo mọ bí owó ṣe rí lásìkò yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ kọ́kọ́ fín omi wò.

## Bí ẹ kò bá rí gásíkẹ́ẹ̀tì rà

Ní Ládipọ̀ l'Ékòó tàbí Àgódi Gate n'Ìbàdàn, ẹ kò ní wá a títí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wà ní ìletò, tí iná sì pọn dandan, ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Bí mo ṣe tò wọ́n yìí ni mo ṣe fẹ́ràn wọn.

Ẹ gé e fúnra yín. Ẹ ra bébà gásíkẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì, èyí tó nípọn tó nǹkan bí ìdajì mílímítà. Ẹ fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì díẹ̀ pa ojú ike dúdú, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà náà, àmì rẹ̀ á jáde. Ẹ kọ́kọ́ lu àwọn ihò, kí ẹ tó gé ẹ̀gbẹ́ ìta. Ẹ má fi òòlù gbá bébà lórí kábúrétọ̀ bí àwọn kan ti ń ṣe, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á fọ́. Páálí Indomie tàbí bébà kàlẹ́ńdà kò lè pẹ́. Epo á rin ín, á ya.

Ẹ lo ti àtijọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, bí kò bá ya, tí kò sì sán. Ẹ fi ojú tó kọ sí ibì kan tẹ́lẹ̀ sí ibẹ̀ náà, nítorí àmì irin ti wà lára rẹ̀.

Gọ́ọ̀mù tí bẹntiróòlù kò ràn. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo sọ nìyí. Irú tí kì í gan, bíi Hylomar, wà tó lè fara da epo. Bí ìlà kékeré bá wà lójú orí ẹ́ńjìnnì tí ẹ kò lè tẹ́, ẹ fi ìka pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí apá orí ẹ́ńjìnnì nìkan, pẹ̀lú gásíkẹ́ẹ̀tì, kó sì jìnnà sí etí ihò tó mílímítà mẹ́ta. Ẹ má fi sí ojú kábúrétọ̀, ẹ má sì mú un dé ẹ̀gbẹ́ fíltà láéláé.

## "I better pass my neighbour", ọ̀kadà àti mọ́tò

Lórí jẹnẹrétọ̀ kékeré bíi Tiger TG950, ọ̀rọ̀ yìí le ju bó ṣe le lórí èyí tí mo ti ń sọ bọ̀. Inú epo ni ọ́ìlì rẹ̀ wà, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pò ní 50 sí 1, ìyẹn 20 mílílítà ọ́ìlì sí lítà epo kan. Epo yẹn ló ń gbé ọ́ìlì lọ fún písítìnì. Bí afẹ́fẹ́ bá ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, epo dín kù, ọ́ìlì náà dín kù, ẹ́ńjìnnì sì ń gbóná sí i. Bẹ́ẹ̀ ni písítìnì ṣe ń há. Bí tiyín bá ṣàdédé ń sáré ju ti àná lọ láìsí ẹrù, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, ẹ wo gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ẹ má bá a lò ó di alẹ́.

Ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kò lo bébà rárá, rọ́bà róbótó tó wọ inú kòtò yíká ojú kábúrétọ̀ ni tiwọn. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà náà bó bá ti le tàbí tó ti pẹlẹbẹ. Bí ẹ bá da gọ́ọ̀mù sínú kòtò yẹn, rọ́bà kò ní jókòó. Ẹ wo ọrùn rọ́bà tó so kábúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú, ó máa ń sán lábẹ́ níbi tí ojú kì í dé.

Fún mọ́tò àtijọ́ tó ṣì ń lo kábúrétọ̀, bíi Peugeot 504, òfin kan náà ni: gásíkẹ́ẹ̀tì gbígbẹ, ojú tó tẹ́, dídè ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé.

## Bí mẹkáníìkì ni yóò bá yín ṣe é

Ẹ ra gásíkẹ́ẹ̀tì fúnra yín, ẹ gbé e lé e lọ́wọ́. Ẹ fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún un kó tó bẹ̀rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi fi gọ́ọ̀mù sí i, bó bá tẹ̀ ẹ jẹ́ ká fi sánpépà tẹ́ ẹ." Ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ iṣẹ́ yìí dunjú, ìkánjú oníbàárà ló ń mú wọn fa túùbù yọ. Ẹ fún un ní àkókò. Nígbà tó bá parí, ẹ gba gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ka iye tó jáde, kó jẹ́ mẹ́ta, ẹ sì jẹ́ kó fín omi sí i lójú yín kí ẹ tó sanwó.